BÀBÁ DÉ BỌ́MÀ, ÌWÉ NÍ KÒ DÉ IBÌ KANKAN!

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, mi ò rí i gbà ní ọ́fíìsì ìjọba kankan. Inú àpótí páànù ni mo ti bá a, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá arúgbó kan.

Ìdó-Èkìtì ni ìyá náà ń gbé, àdúgbò kan náà la wà. Ata àti irú ló ń tà. Láti kékeré ni mo ti ń bá a ru agbọ̀n lọ sọ́jà, tí yóò sì ra ẹ̀kọ fún mi jẹ. Nígbà tó gbọ́ pé mo ti di oníròyìn, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o ń kọ ọ̀rọ̀ sínú bébà, wá bá mi ka nǹkan kan. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ tó sì máa ń kàwé fún mi ti lọ sí Èkó."

Mo débẹ̀, ìyá fa àpótí yọ. Ó kó aṣọ òkè kúrò, ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, ó wá mú ọ̀rá kan jáde. Ìwé kan ló wà nínú ọ̀rá náà, wọ́n ṣẹ́ ẹ po ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ti pọ́n bí ewé kòkó tó já bọ́ látorí igi. Ìwé tí wọ́n fún bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú iṣẹ́ sójà ni, ní ọdún 1946, lẹ́yìn ogun Hítílà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Orúkọ bàbá rèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíláàkì kọ ọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Yorùbá rí. Nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Bó ṣe ga tó rèé, àpá tó wà lára rẹ̀ rèé. Ìwà rẹ̀ dára púpọ̀, wọ́n kọ ìyẹn náà. Mo wá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ ilẹ̀ òkèèrè tí sójà bá ti ṣiṣẹ́. Wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ìlà kan gbọọrọ ni wọ́n fà.

Ìyá ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ ní Èkìtì pọ́ńbélé: "Ùwé yìí purọ́ mọ́ bàbá mi."

Ó tún kọwọ́ bọ inú àpótí, ó yọ fọ́tò kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó dé fìlà sójà onígbòòrò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo yí fọ́tò náà padà. Òǹtẹ̀ ayàwòrán wà lẹ́yìn rẹ̀, Madras ló wà nínú òǹtẹ̀ náà. Ìyá bi mí léèrè pé, "Madras yẹn, ṣé Ìkọ̀lé ló wà ni àbí Ọ̀yẹ́?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Íńdíà ni." Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú ìwé yìí lọ sí ọ́fíìsì kan nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n ní, ìwé yín sọ pé bàbá yín ò kúrò ní Nàìjíríà, àbí lójú àlá ló ti rí Bọ́mà? Wọ́n fi í ṣẹ̀sín títí ó fi jáde. Kò mú ìwé náà jáde síta mọ́ títí ó fi kú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Mo ní n óò wádìí rẹ̀.

ÒṢÙKÁ LÓRÍ, OGUN NÍWÁJÚ

Kí a kọ́kọ́ mọ irú ogun tó jẹ́. Láàárín ọdún 1943 sí 1945, nǹkan bí 90,000 sójà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ará Jàpáànì ni wọ́n lọ bá jà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì ni wọ́n pín wọn sí, Dífísọ̀n 81 àti Dífísọ̀n 82. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú méjèèjì, àwọn ọmọ Gòólù Kóòsì tí à ń pè ní Gánà lónìí wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Sàró àti Gáḿbíà náà wà lára Dífísọ̀n 81.

Aláǹtakùn ni àmì Dífísọ̀n 81. Ẹ̀yin alárù àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ àmì ti 82: ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká tí ẹ ń ká sórí yìí kan náà! Wọn ò ṣì í fi ṣe àmì. Ilẹ̀ Arakan tí wọ́n ti jà, òkè ni, igbó ni, odò ni, òjò rẹ̀ kì í sì í dá bọ̀rọ̀. Ní àfonífojì odò Kaladan, kò sí ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn láti òkè, orí ni wọ́n sì fi ń rù ú tẹ̀ lé àwọn tó ń jà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹrù rírù yẹn gan-an ni wọ́n gbà wọ́n fún. Wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Auxiliary Group.

Mo padà lọ wo ìwé ìyá wa. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn: Auxiliary Group. Alárù ogun ni bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ru ẹrù lọ́jà mọ̀ pé alárù kì í sábà sí nínú ìtàn ẹni tó ni ọjà.

ỌMỌ ÈMÙRÉ-ILÉ NÍNÚ IGBÓ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìwé àti sójà ṣe lè pínyà, ẹ gbọ́ ti Isaac Fádóyèbọ̀. Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó lọ wọṣẹ́ sójà ní ọdún 1942, láìjẹ́ kí bàbá rẹ̀ mọ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n kó wọn gba Sàró lọ sí Íńdíà, wọ́n gba ibẹ̀ wọ Bọ́mà.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànì lúgọ dè wọ́n létí odò Kaladan. Ọta ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ Isaac, òmíràn wọ̀ ọ́ níkùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú lọ bẹẹrẹ. Òun àti ọmọ Sàró kan tó ń jẹ́ David Kargbo ló ṣẹ́ kù sínú igbó. Àgbẹ̀ mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀, Shuyiman lorúkọ rẹ̀, ló gbà wọ́n sílé, tó fi wọ́n pa mọ́, tó ń fún wọn lóúnjẹ. Bí ọ̀tá bá rí wọn lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo ìdílé rẹ̀ ni yóò bá a lọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé ní oṣù Kejìlá 1944.

Ẹ wá bi ara yín léèrè: ní gbogbo oṣù mẹ́sàn-án yẹn, kí ni kíláàkì tó jókòó sí ọ́fíìsì fẹ́ kọ síwájú orúkọ ọmọ yìí? Kò sí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí ní ọsibítù, kò sí lára àwọn tí wọ́n rí òkú wọn. Sójà wà láàyè, ìwé ò mọ ibi tó wà.

Isaac ní oríire kan. Ó mọ̀wé kọ. Ó padà wálé, ó ń tiro díẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Oníròyìn kan láti Ìlú Ọba, Barnaby Phillips, ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wá a kàn, ó sì bá a mú lẹ́tà lọ sí Bọ́mà ní 2011. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó rí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fíìmù lọ́dún yẹn kan náà, Phillips sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 2014. Bàbá Isaac ti kú ní 2012, lẹ́yìn tí lẹ́tà rẹ̀ ti débi tó ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, sójà mélòó nínú 90,000 ló mọ̀wé kọ? Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ ńkọ́? Ohun tí kíláàkì bá kọ fún wọn ni.

IBI TÍ ÀṢÌṢE TI Ń WỌLÉ

Ogun parí ní 1945. Ọkọ̀ ojú omi ń kó sójà bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Kíláàkì kan ń béèrè, òmíràn ń kọ. Ẹni tó bá ti kúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, tàbí tó sùn ní ọsibítù ní Íńdíà fún oṣù mélòó kan, apá kan ìwé rẹ̀ lè wà níhìn-ín, kí apá kan wà lọ́hùn-ún. Orúkọ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń pe ọ̀pọ̀ sójà ayé ìgbà náà. Ẹni tó bá ti Ìlọrin wá di Ìlọrin, ẹni tó ti Bídà wá di Bídà. Ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ kan, ẹnì kan sì lè jẹ́ orúkọ méjì.

Sójà tí kò kàwé kò lè mọ̀ pé ìlà ni wọ́n fà síbi Bọ́mà. Ó tẹ̀ka, ó gba owó rẹ̀, ó wọkọ̀, ó ń yára lọ sílé lọ wò ó bóyá ìyá òun ṣì wà láyé. Ta ló máa dá a lẹ́bi?

KÍ NI ÌLÀ KAN BÀ JẸ́?

Ẹnì kan lè sọ pé, ogun ti tán tipẹ́, kí ló kù níbẹ̀? Ó kù o.

Àmì-ẹ̀yẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Burma Star. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ogun ní Bọ́mà láàárín oṣù Kejìlá 1941 sí oṣù Kẹsàn-án 1945 ló tọ́ sí. Wíwọ iṣẹ́ sójà nìkan kò tó. Ìwé gbọ́dọ̀ fi hàn pé o débẹ̀. Bí ìwé bá fàlà síbẹ̀, o ò débẹ̀ nìyẹn.

Ti owó náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà yìí, owó ìdágbére ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà, wọn ò gba pẹ́ńṣàn. Ní 2019, àwọn oníròyìn hú ìwé àtijọ́ kan jáde tó fi hàn pé owó ìdágbére tí sójà funfun gbà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí ní Áfíríkà tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ dúdú tó wà ní ipò kan náà. Ní 2018, ìjọba Ìlú Ọba kéde nǹkan bí mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn láti fi bọ́ àwọn sójà àtijọ́ wọn tó kù ní àwọn ilẹ̀ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì, àti àwọn opó wọn, àwọn tí ìyà ń jẹ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé lẹ máa fi hàn kí wọ́n tó mọ̀ yín.

Lẹ́yìn owó, orúkọ tún wà. Gbogbo wa mọ ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì. Ó lọ jagun ní Kóńgò lẹ́yìn òmìnira wa, wọ́n kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ dáadáa, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ akọni tí wọ́n ń pè ní Military Cross. Lónìí, kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọmọ Èkìtì pé Fájuyì ò dé Kóńgò. Bàbá alárù láti Ìdó náà kúrò nílé, ó sọdá òkun. Kí ló dé tí ọmọ rẹ̀ yóò fi máa bá èèyàn jiyàn?

Bárékè wa gan-an ń jẹ́rìí. Arakan ni wọ́n ń pe bárékè kan ní Àpápá, Letmauk ni wọ́n ń pe òmíràn ní Ìbàdàn. Orúkọ ibi tí wọ́n ti jagun ní Bọ́mà ni méjèèjì.

Ọ̀RỌ̀ KAN ṢOṢO LÈ YÍ PADÀ

Ẹ má rò pé ìwé sójà kò ṣeé tún ṣe. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé wa tó parí ní 1970, "wọ́n lé e dànù" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ọ̀pọ̀ sójà àti ọlọ́pàá tó bá Bíáfrà jà. Ẹni tí wọ́n bá lé dànù kò ní pẹ́ńṣàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní kí wọ́n yí i padà sí "ó fẹ̀yìn tì." Ọ̀rọ̀ kan ló yí padà yẹn o! Ní 2017, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san pẹ́ńṣàn fún àwọn ọlọ́pàá tó wà lára wọn. Ọgbọ̀n ọdún kó tó yí padà, ọdún mẹ́tàdínlógún kí owó tó jáde. Àwọn kan kò dúró dè é.

Ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì náà tọrọ àforíjì. Wọ́n jẹ́wọ́ pé láti ogun àgbáyé kìíní, ó kéré tán 116,000 èèyàn, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Àwọn alárù pọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀rí sì wà níbi tí èèyàn kò ronú sí. Nígbà ogun, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ń kọ ìwé ojoojúmọ́: ibi tí wọ́n sùn, odò tí wọ́n là, ọjọ́ tí wọ́n jà. Ti àwọn tó jà ní Bọ́mà wà ní ilé ìkówèésí ìjọba ní Kew, ní London, lábẹ́ àmì WO 172. Wọn kì í kọ orúkọ gbogbo alárù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé bàbá yín bá ní orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ lè fi hàn pé ẹgbẹ́ náà wà ní Bọ́mà nígbà tí òun wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀YIN TÍ ỌMỌ YÍN Ń ṢE SÓJÀ, Ẹ GBỌ́!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkú nìkan. Àwọn ọmọ wa ti lọ sí Lébánónì, wọ́n ti lọ sí Làìbéríà, wọ́n ti lọ sí Sàró àti Darfur. Ẹ ò ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní oṣù keje 2008. Àwọn sójà tó ti Làìbéríà dé jáde sí títì nítorí owó iṣẹ́ òkè òkun tí wọ́n ní wọn ò san fún àwọn tán. Ní 2009, ilé ẹjọ́ ológun dá ẹ̀wọ̀n gbére fún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn, kí wọ́n tó dín in kù sí ọdún méje. Sójà kì í wọ́de. Ìwé ló yẹ kó bá a wọ́de.

Nítorí náà, ẹ bá mi sọ èyí fún àwọn ọmọ yín. Èkíní, kí wọ́n ka ìwé ìdásílẹ̀ wọn láti òkè délẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: orúkọ, nọ́ńbà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ìlú tí wọ́n rán wọn lọ, ọjọ́ tí wọ́n lọ àti ọjọ́ tí wọ́n dé. Èkejì, bí àṣìṣe bá wà, kí wọ́n kọ lẹ́tà nípasẹ̀ ẹgbẹ́ wọn sí ibi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ọmọ ogun orílẹ̀ pa mọ́ sí, Lọ́kọ́ja ló wà, kò sì jìnnà sí wa ní Èkìtì. Kí wọ́n gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tọ́jú fọ́tò, káàdì ọsibítù, àmì-ẹ̀yẹ, àti nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ lọ. Ẹ̀rí ẹlẹgbẹ́ ẹni kì í wúlò mọ́ bó bá ti kú. Ẹ̀kẹrin, bí orúkọ bá yàtọ̀ láti ìwé sí ìwé, kí wọ́n lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni.

Ẹ̀karùn-ún, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi bírò tún nǹkan kan ṣe lára ìwé náà! Bí ẹ bá kọ "Bọ́mà" sórí ìlà yẹn fúnra yín, ẹ ti sọ ìwé tòótọ́ di ayédèrú. Ẹ má sì fi ojúlówó ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ̀dà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹni tó bá sì wá bá yín pé kí ẹ mú owó wá, kí òun bá yín gba owó sójà Bọ́mà jáde ní London, olè ni. Ẹ lé e.

ÌYÁ Ò BÉÈRÈ OWÓ

Èmi àti ìyá wa jọ lọ sí kóòtù ní ọjọ́ Ajé kan. Ó wọ aṣọ òkè tó wà nínú àpótí yẹn. Ó búra pé òun ni ọmọ ẹni tó ni ìwé náà, pé bàbá òun ló wà nínú fọ́tò. Kò búra pé òun rí i ní Bọ́mà, nítorí wọn ò tíì bí i nígbà náà. Akọ̀wé kóòtù ní kò burú, ohun tí èèyàn bá mọ̀ ló ń búra lé lórí. A ya ẹ̀dà ìwé náà, a ya ẹ̀dà fọ́tò náà níwájú àti lẹ́yìn kí òǹtẹ̀ Madras lè hàn, a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ lẹ́tà, a fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ ogun ní Ìlú Ọba.

Èsì ò tíì dé. Mo ti sọ fún ìyá pé ó lè pẹ́, pé wọ́n sì lè ní ẹ̀rí náà kò tó. Mo tún sọ fún un pé kò dájú pé owó kankan wà níbẹ̀.

Ó ń to ata rẹ̀ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló béèrè owó lọ́wọ́ wọn? Àtijẹ ti ṣeé ṣe láti ọjọ́ yìí. Kí wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ ibi tí bàbá mi dé síbẹ̀. Ó tán."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìfàkì, Ùsì àti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ẹ lọ wo inú àpótí bàbá àti bàbá ńlá yín lónìí. Bí ẹ bá rí ìwé sójà níbẹ̀, ẹ pe ọmọ tó mọ̀wé kó kà á síta. Kí ẹ wá kọ lẹ́tà sí wa, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀. A óò tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà yín.